Báńdì òógùn wo ló yẹ eré wo? Ọmọ 31, owó kò pọ̀

Gémúmásítà_Kàbà
Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo gbé wá, àmọ́ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lánàá. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Kàbà. Ìdíje wa pẹ̀lú àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, àwọn òbí sì dá owó díẹ̀ jọ pé kí n fi ra báńdì òógùn fáwọn ọmọ, aṣọ tó ń gba òógùn mọ́ra, ti orí àti ti ọrùn ọwọ́. Mẹ́sàn-án ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, mẹ́rin ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì, mẹ́rìnlá ń gbá bọ́ọ̀lù, mẹ́rin tó kù ń sá eré ọ̀nà jíjìn.

Mo dé ọjà ní Sátidé. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ní kí n kó oríṣi kan náà fún gbogbo wọn, pé báńdì ni báńdì ń jẹ́. Ẹnìkejì ní ti ₦700 wà, ti ₦2,500 sì wà. Mo ní kí ni ìyàtọ̀ wọn, ó ní, "Eléyìí ní orúkọ lára." Mo rìn padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń dùn mí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ wa kan dé àṣekágbá tẹ́nìsì orí tábìlì. Ó ti jẹ 9, ẹnìkejì jẹ 8, sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn sì ni. Òun ló kàn láti ṣáfù. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó gbé bọ́ọ̀lù lé e, ó tẹrí ba. Mo rí ẹ̀kán omi kan tó yọ ní àgbọ̀n rẹ̀, tó kán sórí bọ́ọ̀lù yẹn pẹ́ẹ́. Ó ti jù ú sókè kí n tó la ẹnu. Bọ́ọ̀lù yọ̀ lára bàtì bí ẹja àrọ̀, ó bọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì. Látìgbà náà ọkàn ọmọ náà ò balẹ̀ mọ́, 11-9 ni wọ́n fi nà án.

Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là mí lọ́yẹ̀.

---

Àgbà_Ìyàmoyè
8:31 alẹ́

Ọ̀kun, tíṣà. Ẹ má bínú sí mi o, báńdì òógùn kẹ̀? Láyé tiwa, àkísà ìró ìyá wa la máa ń ya, a ó so ó mọ́rí bí ẹni tó ń lọ kọ ebè iṣu, a ó sì sáré. Ẹnikẹ́ni ò bi wá pé ti eré wo ni. Ẹ fowó yẹn ra bọ́ọ̀lù fáwọn ọmọ.

---

Ọmọ_Ayétòrò
8:33 alẹ́

😂😂 Bàbá ti dé. Mo jókòó síbí o, mò ń kà á lọ.

---

Bàtì_Ìsánlú
8:52 alẹ́

Bàbá wa, àkísà tẹ́ ẹ so mọ́rí yẹn, báńdì òógùn náà ni. Ẹ̀yin lẹ wá ṣíwájú wa lò ó.

Tíṣà, tẹ́nìsì orí tábìlì ni mo ti ń gbá láti kékeré, ibẹ̀ ni mo máa dúró lé. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ jókòó ti ọmọ kan níbi tó ti ń gbáradì, kẹ́ ẹ wo ibi tí òógùn rẹ̀ ń gbà. Èyí tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀, ojú ló ń wọ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ ló sì ń tani lójú. Báńdì orí ló ń pàdé ìyẹn. Èyí tó ń ti apá bọ̀, tó ń tẹ̀ lé ìgbọ̀nwọ́ wá sí ọrùn ọwọ́, báńdì ọwọ́ ló ń dá a dúró kó tó dé ìdí bàtì. Ẹ̀kán tẹ́ ẹ rí lọ́dún tó kọjá, orí ló ti wá. Ká ní báńdì ọwọ́ mẹ́wàá lọmọ yẹn wọ̀, á kán náà ni.

Ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí: òógùn àtẹ́lẹwọ́ fúnra rẹ̀. Kò sí báńdì tó kàn án. Òun kì í dúró de ooru. Bí àyà bá ti já, ọwọ́ ti tutù. Ẹ di ọwọ́ ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò mú nínú ọyẹ́, ẹ ó rí i pé ó tutù jọ̀bọ̀tọ̀. Nítorí náà bẹ́ ẹ bá ra báńdì fún un tí bàtì ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má bá ẹni tó tà á jà. Táwẹ́ẹ̀lì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ló máa tọ́jú ìyẹn.

Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ ní òfin ìnura. Bí ayò tí àwọn méjèèjì jẹ bá ti pé mẹ́fà, wọ́n láyè láti nu ara. Tó bá pé méjìlá, bẹ́ẹ̀ náà. Méjìdínlógún, bẹ́ẹ̀ náà. Ní sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, wọ́n tún lè nura nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá ṣírò ti ọmọ yín: 9 àti 8, 17 ni. Ayò kan péré ló kù kó tó láyè àtimú táwẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nígbà tí mo kà á.

Fún àwọn mẹ́rin yìí, báńdì orí kọ̀ọ̀kan, báńdì ọwọ́ fún ọwọ́ tó di bàtì mú. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ kejì tí bọ́ọ̀lù ń jókòó lé. Kó má fẹ̀ jù o. Ìbú ìka mẹ́rin ti tó. Èyí tó gùn dé àárín apá á máa dí ọrùn ọwọ́ lọ́wọ́ níbi tó yẹ kó ti máa yí.

---

Gémúmásítà_Kàbà
9:05 alẹ́

Áà. Ayò kan! Ẹ ò bá má ṣírò ẹ̀ fún mi 🤦🏾

Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ aṣọ rẹ̀ ńkọ́? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó dáa lójú ọjà?

---

Télọ̀_Ìyàrà
9:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aránṣọ ni mí, mo sì ti rán báńdì orí rí fáwọn ọmọ oníjó.

Tíṣà, orúkọ kì í mu omi. Aṣọ ló ń mu omi. Tẹ́ ẹ bá padà sọ́jà, ẹ mú omi inú ọ̀rá dání. Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́, ẹ kán ẹ̀kán kan sórí báńdì náà lójú ẹni tó ń tà á. Bí ẹ̀kán yẹn bá jókòó kalẹ̀ roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, tó ń wò yín, ẹ dá ọjà padà. Bó bá rì wọlé kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í nájà.

Ìkìlọ̀ kan: òwú gidi náà lè máà tètè mu omi dáadáa nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Òwú ní ohun kan lára bí ìda látoko wá, àwọn tó ń ṣe aṣọ sì tún máa ń fi nǹkan sí i kó lè rọ̀ lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí táwẹ́ẹ̀lì tuntun fi máa ń ti omi kiri ẹ̀yìn èèyàn dípò kó nù ún. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ìdíje tó dé. Ẹ má gbé báńdì tuntun wọ pápá lọ́jọ́ ìdíje.

Èyí tó dà bíi táwẹ́ẹ̀lì, ẹ wò ó dáadáa: òwú kéékèèké tó ká kò ló kún ojú rẹ̀. Àwọn ìká yẹn ló ń gba omi pamọ́. Bẹ́ ẹ bá fi èékánná fà wọ́n, kò yẹ kí wọ́n já. Wàhálà tiẹ̀ ni pé tó bá ti yó, ó ń wúwo, kì í sì í tètè gbẹ. Èyí tó fẹ́lẹ́ tó ń na, pọlíẹ́sítà àti òwú tó ń fà bíi rọ́bà ni wọ́n pò pọ̀. Òun kì í mu púpọ̀, ńṣe ló ń tẹ́ òógùn káàkiri ojú aṣọ kí atẹ́gùn lè rí i gbé lọ. Wọn ò dáa jura wọn lọ o, iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀.

Tí owó bá ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ tó, ti orí ṣeé rán. Ẹ wọn orí ọmọ gba òkè ìpéǹpéjú yíká. Báńdì gbọ́dọ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kéré sí orí náà kó tó lè dì í mú. Orí tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 55, mo máa ń ṣe é kó jẹ́ 50 lẹ́yìn tí mo bá ti rán an tán. Kí ojú ìrán wà lẹ́yìn ìpàkọ́! Mo rí àwọn kan lọ́jà tí ojú ìrán wọn wà níwájú orí, á sì máa ha ọmọ lára títí ibẹ̀ á fi bó.

---

Ọmọ_Ayétòrò
9:26 alẹ́

Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè ìbéèrè òmùgọ̀. Mo rò pé torí kí ọrùn ọwọ́ má bàa rọ́ ni wọ́n ṣe ń wọ báńdì ọwọ́?

---

Nọ́ọ̀sì_Mọ̀pà
9:41 alẹ́

Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, àbúrò. Ọ̀pọ̀ ló rò bẹ́ẹ̀. Báńdì òógùn kò lè gbé ọrùn ọwọ́ ró. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn, ó nílò báńdéèjì tó le tàbí ìsinmi, kó má lọ fi aṣọ táwẹ́ẹ̀lì bò ó kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Tíṣà, ohun tó gbé mi wá síbí yàtọ̀. Ẹ má ra báńdì tí àwọn ọmọ á máa pín lò! Mo mọ bó ṣe máa ń rí: báńdì mẹ́wàá á wà nínú àpò kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á mú èyí tó wù ú, wọ́n á gbá eré tán, wọ́n á dà wọ́n padà sínú àpò ní tútù. Àpò á wà ní títì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Làpálàpá fẹ́ràn irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan tó ní i ní iwájú orí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó máa kà wọ́n. Irorẹ́ náà wà níbẹ̀, fáwọn tó ti ń dàgbà.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan, báńdì tirẹ̀. Ẹ fi bírò tí kì í parẹ́ kọ orúkọ sí inú rẹ̀.

Fífọ̀ rẹ̀ kò le. Omi tútù tàbí èyí tó lọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀, kí wọ́n sì ṣan án dáadáa. Ẹ má fi omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun sí i, ẹ má sè é, ẹ má lọ̀ ọ́, rọ́bà inú rẹ̀ á kú. Àwọn ìyá tó ń lo ọṣẹ olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ti báńdì sílẹ̀. Nǹkan yẹn máa ń bo ojú òwú, á tún di ìlẹ̀kẹ̀ tí Télọ̀ wí.

Ti pé báńdì ń mú ara tutù, ẹ jẹ́ ká yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn àwọn ọmọ. Òógùn tó bá gbẹ lára ló ń tuni lára. Èyí tí aṣọ bá ti mu, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ara. Kí ojú lè ríran kí ọwọ́ sì lè di nǹkan mú ni báńdì ṣe wà. Tí ooru bá mú wọn, omi ni kí wọ́n mu, abẹ́ igi ni kí wọ́n lọ.

Kó má fún jù pẹ̀lú. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Tó bá ti ń kọ ilà sí iwájú orí tí ọmọ sì ń kígbe orí fífọ́, ẹ bọ́ ọ.

---

Kóòṣì_Lọ́kọ́jà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:18 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ n gba ti básíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín.

Ibi tí èmi àti Bàtì_Ìsánlú ti yà ni ti fífẹ̀. Ní tiwa, báńdì ọwọ́ ni aṣọ ìnujú. Ẹni tó ń sáré lọ sáré bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú kúọ́tà kan kò ráyè táwẹ́ẹ̀lì, kò sí òfin ayò mẹ́fà lọ́dọ̀ wa. Á gbé ọrùn ọwọ́ sókè, á fi nu iwájú orí láàárín ìṣísẹ̀ méjì, ó parí. Nítorí náà èyí tó nípọn tó dà bíi táwẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ rà fún wa, tó bá tiẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, kò burú. Ẹ wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ tí ọmọ kì í fi jù bọ́ọ̀lù, tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó ká.

Àwọ̀! Àwọ̀! Àwọ̀! Lábẹ́ òfin FIBA, àjọ tó ń darí básíkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, báńdì orí, báńdì ọwọ́, ìbọ̀pá, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ẹgbẹ́ náà. Ọmọ kan ò gbọdọ̀ wọ pupa kí èkejì wọ aláwọ̀ ewé. Bí àwọn ọmọbìnrin yín bá ní àwọn fẹ́ dà bíi D'Tigress, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, tó gba AfroBasket, ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ dà bíi wọn níbi pé wọ́n ń pa òfin mọ́.

Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má so aṣọ mọ́rí kó wá fi etí aṣọ náà sílẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìn. NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, fòfin de irú ẹ̀ ní 2019. Ohun tó bá ń fì lẹ́yìn orí, ọwọ́ ẹlòmíì lè há sí i.

Fún àwọn tó di irun: ẹ jẹ́ kí báńdì gba abẹ́ irun lẹ́yìn ọrùn, kó wá yọ sókè níwájú. Bí wọ́n bá dè é lé orí dídì náà, ìgbà tí wọ́n bá fi fò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti bọ́ sẹ́yìn.

---

Àgbà_Ìyàmoyè
6:40 àárọ̀

Kóòṣì, ẹ rán mi létí nǹkan kan. Ọkùnrin Súwídìn kan wà tó ń gbá tẹ́nìsì, tó ń jẹ́ Borg, tó gba ìdíje Wimbledon lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, 1976 títí di 1980. Mo rí fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, irun rẹ̀ dé èjìká, báńdì aláwọ̀ mèremère lórí rẹ̀. Èmi náà gé etí ṣẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́, mo so ó bẹ́ẹ̀ lọ sóko. Bàbá mi bi mí bóyá orí ń fọ́ mi ni.

---

Ọmọ_Ayétòrò
6:44 àárọ̀

😭😭😭 Bàbá tó ní kí wọ́n fowó ra bọ́ọ̀lù!

---

Rẹfirí_Ẹ̀gbẹ̀
7:30 àárọ̀

Tíṣà, fún àwọn mẹ́rìnlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ pa owó báńdì ọwọ́ mọ́. Ta ló ń fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù? Gólì, òun sì wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ lè fi ṣẹ́ẹ̀tì nu ọwọ́.

Bí ọmọ kan bá wà tí òógùn máa ń wọ̀ lójú, ẹ fún un ní ti orí, kò sẹ́ni tó máa lé e. Ṣùgbọ́n Òfin 4 nínú òfin bọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń bo orí: dúdú ni, tàbí àwọ̀ tó pọ̀ jù lára ṣẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ bára mu. Kò gbọdọ̀ so mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kò gbọdọ̀ ní ohun tó lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Níbi tí òfin ti gba ìbòrí tàbí híjáàbù láyè náà nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi máa ń fura sí báńdì ọwọ́ lórí pápá. Mo ń yẹ àwọn ọmọ wò ṣáájú eré kan, ọmọ kan fọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Mo ní kó nawọ́. Báńdì funfun, ó nípọn. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, nǹkan le lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ká a sókè, ẹ̀gbà irin ló wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló fi sí i lọ́wọ́ láti kékeré, kò tiẹ̀ ṣeé bọ́ mọ́. Gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ pátá ni òfin kọ̀, a ò sì gbọdọ̀ fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ bò. Ọmọ náà jókòó, ó ń sunkún. Inú mi ò dùn, àmọ́ irin yẹn lè ya ojú ẹlòmíì. Ẹ yẹ ọwọ́ àwọn ọmọ yín wò láti ilé.

---

Asáré_Bùnú
8:02 àárọ̀

Àwọn asáré mẹ́rin ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rántí wa 😒

Ẹ má fún wọn ní oní-táwẹ́ẹ̀lì yẹn o. Kìlómítà kejì, ó ti yó. Kìlómítà kẹrin, ńṣe ló dà bí ẹni gbé ẹ̀kọ tútù lé èèyàn níwájú orí, omi tó ti gbà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kán jáde sójú gan-an níbi tí wọ́n ní kó má kán sí. Èyí tó fẹ́lẹ́ tó ń na ni tiwa. Mo ti fi ọ̀kan gun òkè títí, mo bọ́ ọ, mo fún un, mo tún dé e padà, ìgbà tí mo fi dé ìsàlẹ̀ òkè ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ó gbọ́dọ̀ jókòó sókè ìpéǹpéjú díẹ̀, kó má bo etí.

Báńdì ọwọ́ fún asáré, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ni. Èmi máa ń wọ ẹyọ kan, mo fi ń nu imú 😂.

Ọ̀rọ̀ ìgbà náà wà níbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ṣì wà, òógùn á ti gbẹ kó tó dé ojú, iyọ̀ funfun lẹ ó máa rí lára awọ. Wọ́n lè máà nílò báńdì rárá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti ń halẹ̀, tí afẹ́fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ tí ara ń rin gbindin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jáde láìní i.

---

Ọmọ_Ògìdì
9:15 àárọ̀

Mò ń ka gbogbo èyí, mo ń wo òfì ìyá mi níwájú mi. Nígbà tó jẹ́ pé òwú la ń wí, kí ló dé tí a ò hun tiwa? Ògìdì ni Nike Okundaye, gbajúmọ̀ aláàdìrẹ, ti jáde, gbogbo ayé ló mọ aṣọ wa. Báńdì òwú híhun fún ọmọ Kàbà, kí la tún ń wá lọ sọ́jà?

---

Asáré_Bùnú
9:19 àárọ̀

Ẹ má gbàgbé Bùnú o. Àwa la ni aṣọ ìpo. Pupa fòò! Ẹ fi ṣe é, gbogbo pápá á mọ̀ pé Ọ̀kun ló ń bọ̀.

---

Ọmọ_Ògìdì
9:21 àárọ̀

Aṣọ ìpo tí wọ́n fi ń sin àgbà ìjòyè? Ẹ fẹ́ kí ọmọ sáré ni àbí ẹ fẹ́ sin ín?

---

Asáré_Bùnú
9:22 àárọ̀

🤣 Mo fà á padà.

---

Télọ̀_Ìyàrà
9:50 àárọ̀

Ọmọ_Ògìdì, mo fẹ́ràn ìmọ̀ràn yín, àmọ́ aṣọ òfì kì í na. Tẹ́ ẹ bá gé e bí orí ṣe rí, á máa yọ̀. Tẹ́ ẹ bá dì í le, á máa ha iwájú orí. Ojú rẹ̀ sì tẹ́jú, kò ní àwọn ìká tó ń gba omi pamọ́. Ohun tó ṣeé ṣe ni ká rán ọ̀já òfì tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ìta báńdì fún ẹwà, kí inú jẹ́ aṣọ tó ń mu omi. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ Kóòṣì bóyá òfin àwọ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

---

Kóòṣì_Lọ́kọ́jà
10:04 àárọ̀

Kò gbà á. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹ fi òfì ṣe àpò tí wọ́n á máa kó ẹrù sí.

---

Gémúmásítà_Kàbà
Ọjọ́bọ̀, 7:55 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ti ọjà dé.

Mo mú omi inú ọ̀rá dání bí Télọ̀ ṣe wí. Obìnrin tó ń ta ti ₦2,500 wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ ṣe oògùn sí ọjà òun. Mo kán ẹ̀kán kan. Ó jókòó. Mo dúró, ó ṣì jókòó, ó ń dán. Mo yí báńdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀kán yí gbirigbiri lọ sílẹ̀. Òun náà rí i, ó ní, "Ó dà bíi pé ó kọ omi o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Mo kán òmíràn sórí ti ₦700, ó rì lójú ẹsẹ̀! Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo na án lẹ́ẹ̀mẹta tí kò padà sí ìwọ̀n rẹ̀ mọ́. Ó ń wò mí tẹnu ṣí bí ẹnu àpò.

Lẹ́yìn èyí ni mo rí ti ₦1,200 ní ìsọ̀ kan lẹ́yìn ọjà. Òwú tó ká kò, ó ń fà, ó ń padà, ó ń mu omi. Mo ra ẹyọ méjì péré, mo fọ̀ wọ́n, mo fún àwọn ọmọ méjì lánàá. Ọmọ tẹ́nìsì orí tábìlì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú wọn. Mo jókòó tì í bí Bàtì_Ìsánlú ṣe ní kí n ṣe. Òótọ́ ni, orí ni òógùn tirẹ̀ pọ̀ sí, apá rẹ̀ gbẹ. Gbogbo ọdún tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń nù fún un.

Mo tún bi àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta péré nínú mẹ́rìnlá ló ní òógùn ń wọ àwọn lójú. Àwọn tó kù kàn fẹ́ ẹ fún àwòrán.

Ibi tí mo bá a dé: báńdì orí 20, ìyẹn básíkẹ́ẹ̀tì 9, tẹ́nìsì 4, bọ́ọ̀lù 3, àwọn asáré 4. Ti àwọn asáré àti ti bọ́ọ̀lù á jẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́. Báńdì ọwọ́, ẹyọ 13, básíkẹ́ẹ̀tì àti tẹ́nìsì nìkan. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ dúdú kí n má bàa bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ òfin. Owó tó bá ṣẹ́ kù, táwẹ́ẹ̀lì kékeré mẹ́rin àti omi mímu.

Télọ̀, ṣé ẹ lè bá wa rán ti orí? Èló ni?

---

Nọ́ọ̀sì_Mọ̀pà
8:10 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Dúdú kì í fi ìdọ̀tí hàn o. Ẹ má tìtorí ìyẹn má fọ̀ ọ́.

---

Télọ̀_Ìyàrà
8:24 alẹ́

Mo lè rán an. Ẹ kàn sí mi níkọ̀kọ̀ ká jọ dúnàádúrà, mi ò ní gba owó iṣẹ́ ti àwọn mẹ́rin tó ń sáré, ẹ̀bùn mi nìyẹn. Àmọ́ mo nílò ìwọ̀n orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ má fojú bù ú. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá tẹ́ okùn náà lé rúlà. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́.

---

Àgbà_Ìyàmoyè
8:37 alẹ́

Télọ̀, nígbà tí ẹ bá ń gé e, 59 ni tèmi. Ẹ má sọ fún Ọmọ_Ayétòrò.

---

Ọmọ_Ayétòrò
8:37 alẹ́

Mo ti rí i, bàbá.